Géèmù Tí Ṣùbòmí Bá Mi Yàn

Bí o bá fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù, má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, má sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Jókòó fúnra rẹ, kí o bi ara rẹ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni mo fẹ́ bá gbá a? Bí o bá ti mọ ìdáhùn ìyẹn, ìyókù ò le mọ́. Èmi mọ ìdáhùn tèmi lọ́jọ́ tí mo lọ ra tèmi. Ẹni tí mo fẹ́ bá gbá a gan-an ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun náà sì ní ìdáhùn tirẹ̀ tí kò sọ fún mi.

Rilwan lorúkọ mi. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń tún ṣe ní Ìpọ̀nrí. Ṣùbòmí ní tirẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni àwa méjèèjì nígbà tí bàbá rẹ̀ ra géèmù àkọ́kọ́ fún un. A jọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ wọn ní Mushin, ó sì fi góòlù mẹ́fà sí òdo nà mí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, la máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. A gbá a nígbà tí a ń ṣe ìdánwò àṣejáde. A gbá a lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. A gbá a lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó mi, tí àwọn ẹbí ìyàwó ṣì wà nílé. Jemilat, ìyàwó mi, mọ̀ pé láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ọjọ́ Àìkú, òun ò ní ọkọ.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Mo máa ń fi òwe yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn èèyàn. Mo máa ń sọ pé àwa ò kúkú pé ogún, àwa ò ju méjì lọ, eré wa sì ti wọ ọdún kọkànlélógún. Ṣùbòmí á rẹ́rìn-ín, á ní kí n yéé kó ojú ayé lé wa lórí.

Nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, iná dé lójijì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lágbára jù, ó sì jó géèmù wa. Èmi tí mò ń jí fíríìjì tó ti kú dìde tú u palẹ̀, mo wò ó títí, mo rí i pé ó ti lọ. A kẹ́dùn rẹ̀ díẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa èyí tí a máa rà.

Oríṣi méjì ni PS4, ẹ̀rọ géèmù tí a fẹ́ rà, tí wọ́n ń tà ládùúgbò wa. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní kíráàkì. Wọ́n ti já àgádágodo inú rẹ̀, wọ́n ti kó géèmù bí ọgbọ̀n sínú rẹ̀. Kò nílò sídì, kò nílò dátà. Èèwọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò gbọdọ̀ fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì láéláé. Èkejì ni ọ̀rìjínà. Ìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lo máa ra géèmù rẹ̀, wàá máa ra dátà sí i, wàá sì tún máa san owó oṣooṣù kí o tó lè bá ẹni tó wà níbòmíràn gbá. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé nítòsí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò rẹ̀ sì ń lọ tó ń bọ̀ bí ti Ìpọ̀nrí, kíráàkì ló yẹ ẹ́. Ìyẹn ò gba kéèyàn lọ yunifásítì.

Ṣùbòmí kọ̀ jálẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ro ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi létí. Ó kọ́kọ́ ní àwòrán ọ̀rìjínà mọ́ jù, mo ní irọ́ ni, ẹ̀rọ kan náà ni. Ó ní orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ máa ń bá ìgbà mu, mo ní a ti ń fi agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì gbá a láti ọjọ́ yìí, kò sì pa wá. Nígbà tó yá, ó ní bí mo bá ra ọ̀rìjínà, mo lè bá gbogbo ayé gbá.

"Gbogbo ayé wo?" ni mo bi í. "Ìwọ ni mo fẹ́ bá gbá, o sì ti wà lórí àga mi."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n ṣá ra ọ̀rìjínà, pé lọ́jọ́ kan màá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo gbà, kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí, bí kò ṣe pé ojú rẹ̀ fẹ́ ẹ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nǹkan tí Ṣùbòmí bá fẹ́ ò tíì pọ̀ jù fún mi rí.

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Kelvin, ọmọkùnrin kan tó ń ta géèmù lápá Ojúẹlẹ́gbà. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ojúlùmọ̀. Kí n tó la ẹnu, Kelvin ti gbé ọ̀rìjínà kalẹ̀ lórí káńtà, ó sì gbé íyápíìsì ńlá kan lé e, èyí tó bo etí méjèèjì, tó ní ọ̀pá kékeré tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sí níwájú. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe, àwa méjì tí eékún wa máa ń kan ara wọn. Ṣùbòmí ní kí n rà á, ó lè wúlò. Mo rà á. Nígbà tí a délé, Ṣùbòmí fúnra rẹ̀ ló so ẹ̀rọ náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì san owó oṣooṣù rẹ̀. Mo rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, n kò sì ronú nǹkan kan sí i. Ẹni tó bá fọkàn tán èèyàn kì í ṣọ́ ọ.

Lóṣù kẹrin, Ṣùbòmí sọ fún mi pé ikọ́ kan ń yọ òun lẹ́nu láàárọ̀, pé wọ́n ní kí òun lọ ya fọ́tò àyà. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́, kí ni kò lè kó níbẹ̀? Mo wá orógbó kiri, mo wá oyin gidi tí wọn ò lú. Mo gbààwẹ̀ Àtìní, mo gba ti Àlàmísì, mo sì ní kí Alfa wa ṣe àdúà fún un lẹ́yìn Jímọ̀. Alfa bi mí pé irú orúkọ Mùsùlùmí wo ni Ṣùbòmí. Mo ní kó ṣá bá mi ṣe é, Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń sọ.

Nígbà tí èsì jáde pé àyà rẹ̀ mọ́, ó wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú, ó sọ fún mi, mo dì mọ́ ọn. Ṣùbòmí sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, n kò rí omi lójú rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo tiẹ̀ jẹ́ kó gbá góòlù méjì wọlé mi lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí ẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Jael, ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí obìnrin, fẹ́ lọ sí Kánádà. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, gbogbo ìjọ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò fún un ní físà. Láti ìgbà náà ni ìyá wọn ti ní ẹnu ayé ló dí ọmọ òun lọ́nà, pé ọmọ òun kankan ò tún ní sọ ìrìn àjò fún ẹnikẹ́ni títí bàálù á fi gbéra. Gbogbo Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Èèyàn á máa bá ọ ṣeré, á máa bá ọ gbèrò ohun tí ẹ máa ṣe ní Kérésì, ní ọ̀la wàá rí fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù onírun. Èmi àti Ṣùbòmí jókòó lórí àga mi kan náà, a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ikùn fi dùn wá. Ó nawọ́ sí mi, ó ní bó bá kan tòun, èmi lòun máa kọ́kọ́ sọ fún, ṣáájú màmá òun. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní tèmi náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ náà tú. Fóònù Ṣùbòmí ti wà ní pípa láti Ọjọ́bọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí pé wọ́n máa ń pààrọ̀ wákàtí iṣẹ́ wọn lójijì. Aago mẹ́rin lù, àga rẹ̀ ṣófo. Mo tan géèmù, mo ní kí n fi dúró dè é. N kò tíì yan ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ìfilọ̀ kékeré kan fi yọ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún pé Ṣùbòmí ti wọlé, ó ń pè mí wá gbá.

Ẹ̀rín pa mí. Ṣé òun náà ti ra tirẹ̀ ni, tó fẹ́ fi yan fún mi láti ilé rẹ̀? Mo fa íyápíìsì yẹn yọ nínú ọ̀rá tó ti wà láti ọjọ́ tí mo rà á, mo sì kọ́ ọ sétí.

"Rilwan, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó mọ́ ju ti fóònù lọ. Mo ní mo ń gbọ́ ọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló ra tirẹ̀, níbo ló sì wà, kó máa bọ̀, Jemilat ti gbé mọ́ínmọ́ín kaná.

"Mo wà ní Leeds," ló wí.

Mo bi í pé Leeds wo, bí ẹni pé ọ̀kan wà lẹ́yìn Ọ̀yìngbò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń yára bí ọmọ iléèwé tó ń ka ohun tó ti há sórí. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló balẹ̀ sí ìlú òyìnbó. Hósípítù kan níbẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Láti oṣù kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, kí géèmù wa tó jó pàápàá. Yàrá tí wọ́n fún un ò tóbi, òtútù ti ń mú, kò tíì ra ìkòkò tó máa fi se oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ti lọ ra PS4 ọ̀rìjínà kó lè bá ọjọ́ Àìkú mu. Ó sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bí ẹni tó ń retí kí n yìn ín.

Ó tún ń pe orúkọ mi. Ó ní, "Màmá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé èmi náà ni ẹnikẹ́ni?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, mo sì bi í pé, "Ikọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ikọ́ wo?"

Ó ti gbàgbé. Irọ́ tó pa fún mi, tí mo gbààwẹ̀ lé lórí, kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé òun pa á. Nígbà tó wá rántí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní ara ohun tí wọ́n ń béèrè fún físà ni fọ́tò àyà, kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ibi tí òun ń lọ. Ó ní nígbà tí òun rí orógbó tí mo kó wá, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́. Mo wá mọ ìdí ẹkún ọjọ́ yẹn. Inú bí mi sí ẹkún náà ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé mo ti nu ojú rẹ̀ fún un.

Ló bá sọ ohun tó rò pé ó máa tù mí nínú. Ó ní, "Ìdí tí mo fi ní kó o ra ọ̀rìjínà nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí eré wa parí. Àwa méjì ni mo rò."

Àwa méjì. Òun nìkan ló rò ó, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun nìkan ló yàn án. Ó ti dì mí mọ́ ẹrù rẹ̀ bí ẹ̀wù òtútù, láìbi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjèèjì ti tò sórí pápá, wọ́n ń dúró kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa pé kí a má ṣe fà á.

Ní ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kelvin. Mo fẹ́ kó bá mi tà á ni, kí n má rí i mọ́. Kelvin rí mi, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. Brọ̀ Ṣùbòmí ńkọ́, ṣé wọ́n ti dé ọ̀hún safe?"

Mo gbé páálí náà sílẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé Ṣùbòmí ń rìnrìn àjò. Ọmọ náà ò fura. Ó ní Ṣùbòmí fúnra rẹ̀ ni. Ó ní lóṣù kẹta, kó tó mú mi wá, ó ti dá nìkan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń lọ sí ìlú òyìnbó, òun sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìpọ̀nrí, èwo ni kí àwọn méjèèjì rà tí àwọn á fi lè jọ máa gbá. Kelvin ló sọ fún un pé ọ̀rìjínà ni, kí tọ̀tún-tòsì ra ọ̀rìjínà, kó má sì gbàgbé íyápíìsì. "Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé surprise ni. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín tipẹ́."

Mo jókòó sórí páálí géèmù náà. Kelvin ò mọ ilé tí wọ́n bí Ṣùbòmí sí. Kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀ tó kú. Kò gbààwẹ̀ kankan. Ó mọ̀ láti oṣù kẹta. Ẹnu tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè dí ènìyàn lọ́nà, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà tó ń bá ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Ẹnu tèmi ni. A ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni ata rẹ̀ ta sí mi lójú.

Mo ní kí Kelvin má tà á mọ́, kó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí kíráàkì, kó sì fi páàdì méjì tí a fi ń darí agbábọ́ọ̀lù sí i. Ó wò mí. Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀, pé kíráàkì ò lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, bí mo bá sì gbìyànjú rẹ̀, gbogbo géèmù inú rẹ̀ máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní lè bá Brọ̀ Ṣùbòmí gbá mọ́ o. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Bó bá fẹ́ bá mi gbá, ó mọ ilé mi."

Mo gbé kíráàkì mi wálé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ṣùbòmí ń kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, ó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, n kò fèsì sí ìkankan. Jemilat ní kí n dárí jì í. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń fi ìrìn àjò pamọ́ báyìí, kì í ṣe ìkà, ìbẹ̀rù ni. Ó bi mí pé bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé n kò ní fi pamọ́ fún un? Mo ní, "Rárá, òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún, ṣáájú rẹ." Jemilat bọ́ sí kíṣìnì. Òótọ́ ni mo sọ. N kò mọ̀ pé ó máa dun ẹlòmíràn.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin, mo tan géèmù. Ọgbọ̀n géèmù ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, mo ń kà wọ́n lọ, n kò sì fẹ́ràn ju ọ̀kan lọ. Ìfilọ̀ kankan ò yọ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ohun tí mo rà nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí Kelvin ṣe sọ. Nígbà tí mo ṣí bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ náà ní kí n sọ iye ẹni tó fẹ́ gbá a, ẹnì kan tàbí ẹni méjì.

Mo tẹ méjì. Mo gbé páàdì kejì sórí àga Ṣùbòmí. Nígbà tí fèrè dún, àwọn agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ dúró gbagidi sójú kan, kò sí ẹni tó ń darí wọn, èmi sì ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín wọn. Góòlù mẹ́fà ni mo gbá wọlé kí Jemilat tó pè mí wá jẹun.